Tíì yín ń korò? Ẹ jẹ́ kí omi sinmi ná

Ẹ kú ìrọ́jú oòrùn o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nínú ẹ̀dà tó kọjá, mo kàn fẹnu bà á ni pé ìkòkò tíì kékeré kan tó ti Japan wá ni mo fi ń ṣe gíríìn tíì mi láràárọ̀ tí mo bá ti kírun àsùbá tán, ọ̀rọ̀ yẹn ò ju ìlà kan lọ, àfi bí ìbéèrè ṣe ń wọlé wìtìwìtì. Àwọn kan fi fọ́tò ìkòkò tiwọn ránṣẹ́, àwọn kan fohùn sílẹ̀. Mo ti kà á tán, mo ti gbọ́ ọ tán, mo wá mú èyí tó kan ọ̀pọ̀ yín níbẹ̀. Inú mi dùn sí i gan-an, torí mi ò fi ọ̀rọ̀ tíì yìí ṣeré rárá.

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ló fi ìkòkò tíì Japan kan ránṣẹ́ sí mi láti òkè òkun, pẹ̀lú ewé ẹ̀ nínú agolo. Mo se omi, ó hó yaya, mo dà á lé ewé lórí, mo dé e, mo lọ gbálẹ̀, mo padà wá mu ún. Ó korò bí ewúro! Mo fi kúùbù súgà mẹ́rin sí i, ó ṣì ń korò. Ṣé ewé ọ̀hún ló ti bàjẹ́ ni àbí ẹnu mi ni? — Ìyá kan ní Tanke, Ìlọrin*

Ìyá wa, ẹ ṣé tẹ́ ẹ kọ̀wé, ẹ ó jèrè ọmọ náà o. Ewé yín ò bàjẹ́, ẹnu yín náà ò ní nǹkan kan tó ṣe é. Omi yẹn ló gbóná jù, ó tún wá pẹ́ jù nínú ìkòkò. Àwa tá a dàgbà sídìí tíì pupa, tíì inú báàgì tá a máa ń da omi híhó lé lórí ká tó fi mílíìkì àti súgà sí i, ohun tá a mọ̀ ni pé bómi bá ṣe hó tó ni tíì ṣe máa jáde tó. Gíríìn tíì Japan ò rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bọ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀ sórí iná, ṣebí àwọ̀ ẹ̀ á kú ni, òórùn ẹ̀ náà á yí padà. Ewé tíì yìí náà, ewé ni.

Nǹkan méjì ló wà nínú ẹ̀ tí ahọ́n wa máa ń bá pàdé. Ọ̀kan ni catechin, òun ló ń korò tó tún ń fa ahọ́n bí ìgbà téèyàn bu kajú tí ò tíì pọ́n jẹ. Èkejì ni theanine, òun ló ládùn, adùn tí kì í ṣe ti súgà o, ó sún mọ́ ti omi ọbẹ̀ tí wọ́n fi ojúlówó irú sè, téèyàn á ti gbé e mì tán tí adùn ẹ̀ ṣì máa wà lọ́nà ọ̀fun. Catechin àti kaféènì, ìyẹn ohun inú tíì tí kì í jẹ́ kéèyàn tètè sùn, omi tó gbóná janjan ni wọ́n ń fẹ́, bí wọ́n bá ti rí i wọ́n á tú jáde yàà. Theanine ò dúró de omi híhó ní tiẹ̀, omi tó ti rọlẹ̀ díẹ̀ náà tó o. Torí náà, tí ooru omi bá wà ní bíi 70 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius, adùn á ti jáde, ìkorò ò sì ní tíì ráyè jáde tán.

Ẹ ò nílò ẹ̀rọ kankan tí ẹ máa fi wọn ooru. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi ni pé mo máa ń jẹ́ kí omi hó dáadáa ná, kí n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Màá da omi yẹn sínú ìkòkò tíì lófìfo, láìsí ewé nínú ẹ̀ o, màá tún dà á látinú ìkòkò sínú ife kéékèèké méjì tá a fẹ́ fi mu ún. Gbogbo ìgbà téèyàn bá da omi híhó látinú nǹkan kan sínú òmíì tó tutù, ooru ẹ̀ ń fi bíi 10 lọ sílẹ̀, nítorí náà nígbà tó bá fi máa dénú ife ó ti wá sí bíi 80. Mo sì ti fi ife wọn omi mi nìyẹn, kò ní pọ̀ jù kò ní kéré, ìkòkò ti gbóná, ife ti gbóná. Ìgbà yẹn ni màá tó wá bu ewé sínú ìkòkò, ṣíbí tíì méjì, bíi gíráàmù 4 sí 5 fún omi tó tó mílílítà 200. Màá da omi inú ife padà lé e lórí, màá dé e, màá wo aago fóònù mi, ìṣẹ́jú kan péré. Tó bá jẹ́ àsìkò tí ooru mú ní Ìlọrin níbí, irú oṣù March tí ara ògiri pàápàá máa ń gbóná, omi kì í tètè rọlẹ̀, ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i nínú ife kẹ́ ẹ tó dà á padà.

Ẹ má gbọn ìkòkò, ẹ má fi ṣíbí rò ó. Ewé tó rí tínínrín bí abẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ yẹn máa tú fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ṣí i wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ẹ máa rí i tó ti là, tó ti padà di ewé tútù yọ̀yọ̀, òórùn ẹ̀ á dà bí ti koríko tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Èmi tí mo ti ń ṣe é látọjọ́ yìí, mo ṣì máa ń ṣí i wò.

Tó bá wá kan dídà, ẹ má kún ife kan tán kẹ́ ẹ tó bọ́ sí èkejì. Ẹ da díẹ̀ sí tibí, ẹ da díẹ̀ sí tọ̀hún, ẹ tún padà sí tibí, torí èyí tó kọ́kọ́ jáde máa ń fúyẹ́, èyí tó gbẹ̀yìn ló máa ń ki. Bẹ́ ẹ bá ṣe é báyẹn, ti àlejò àti ti onílé á rí bákan náà lẹ́nu. Ẹ dà á títí tó fi máa kán tó, tó, tó, ẹ wá mi ọrùn ọwọ́ yín lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó lè kán tán, ìkán tó gbẹ̀yìn yẹn ni ògidì ibẹ̀. Omi tó bá ṣẹ́kù sórí ewé, ìkorò ló ń yọ lọ, òun ló ṣẹlẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ lọ gbálẹ̀ yẹn. Tẹ́ ẹ bá dà á tán, ẹ ṣí ìdérí ẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí ewé má bàa máa jinná lọ nínú oru ara ẹ̀. Ẹ má dà á nù o! Ewé kan náà á tún gba omi lẹ́ẹ̀kejì, omi ti ẹlẹ́ẹ̀kejì lè gbóná ju ti àkọ́kọ́ díẹ̀, ẹ ò sì ní pẹ́ lórí ẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15 ti tó torí ewé ti là. Ẹ̀kẹta náà á ṣì jáde.

Ọ̀rọ̀ omi fúnra ẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Tí kẹ́tù yín bá máa ń ní nǹkan funfun tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, a jẹ́ pé omi bọ́ọ̀hóòlù yín le, omi tó bá le sì máa ń pa òórùn tíì. Ẹ fi omi inú ọ̀rá ṣe ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi ti bọ́ọ̀hóòlù ṣe ọ̀kan, kẹ́ ẹ gbé méjèèjì síwájú ara yín, ẹ ó rí i pé àwọ̀ wọn gan-an lè má dọ́gba. Súgà mẹ́rin yẹn, ẹ dá a padà sínú páálí ẹ̀ ná. Tẹ́ ẹ bá ṣe é báyìí tó ṣì ń korò, ẹ tún kọ̀wé sí mi.

*Àǹtí wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì ni wọ́n fi ìkòkò tíì Japan kan ta mí lọ́rẹ. Ọwọ́ ẹ̀ ò sí lẹ́yìn bíi ti kẹ́tù, ẹ̀gbẹ́ ló wà, ó yọ síta bí ọwọ́ ọmọ páànù. Ìyàwó mi ní àwọn tó ṣe é ló ṣì í ṣe. Róbà kékeré kan sì wà lẹ́nu ẹ̀ tí tíì máa ń gbà ibẹ̀ ṣàn sórí tábìlì. Báwo la ṣe ń lò ó gan-an? — Tíṣà àtijọ́, Ọ̀fà*

Bàbá, ẹ kú àṣeyọrí, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jẹun ọmọ tẹ́ ẹ kọ́. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé wọn ò ṣì í ṣe o. Kyusu lorúkọ ẹ̀, kiyúúsù la máa pè é lẹ́nu tiwa. Ẹ wò ó dáadáa, ẹnu ẹ̀ àti ọwọ́ ẹ̀ rí bí igun ilé síra wọn. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún di ọwọ́ ẹ̀ mú, kẹ́ ẹ wá fi àtàǹpàkò ọwọ́ yẹn kan náà tẹ ìdérí mọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti rọra yí ọrùn ọwọ́ sínú báyìí, tíì ti ń bọ́ sínú ife nìyẹn, ẹ ò gbé ìgúnpá sókè, ọwọ́ kejì ò bá yín dá sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dà á títí tó fi máa kán tán bí mo ṣe sọ lókè yẹn, kò sí ìkòkò tó rọ̀ lọ́wọ́ tó o. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀ fún, ó sì bá tiwa mu, ṣebí a kì í fi ọwọ́ òsì gbé nǹkan fún àlejò. Àmọ́ wọ́n ń ṣe ti ọlọ́wọ́ òsì náà, ó wà lọ́jà wọn.

Róbà yẹn, ẹ yọ ọ́ lónìí kẹ́ ẹ jù ú nù! Wọ́n kàn fi bo ẹnu ẹ̀ ni kó má bàa ta tàbí kó fọ́ lójú ọ̀nà, kì í ṣe ara ìkòkò. Tíì máa ń sá pamọ́ sábẹ́ ẹ̀ ni, á bàjẹ́ síbẹ̀, òun náà ni ò jẹ́ kó dá bó ṣe yẹ kó dá. Mo mọ ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọdún méjì gbáko.

Tẹ́ ẹ bá wo orí ìdérí, ihò kékeré kan wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé kí tíì lè ráyè jáde, ẹ yí ìdérí kí ihò yẹn kọjú síhà ẹnu ìkòkò. Nínú lọ́hùn-ún, ní ìdí ẹnu ẹ̀, ẹ máa rí ihò wínníwínní bíi ti asẹ́, òun ló ń dá ewé dúró. Tó bá jẹ́ amọ̀ pupa tí ò dán ni ìkòkò yín, ọṣẹ ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, amọ̀ yẹn máa ń fa òórùn mọ́ra, ẹ̀ẹ̀kejì tẹ́ ẹ bá ṣe tíì ọṣẹ lẹ máa mu. Omi gbígbóná lásán ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án, ẹ dojú ẹ̀ dé kó gbẹ, ẹ má tíì dé ìdérí lé e.

*Mo ra ìkòkò tíì onírin dúdú, wọ́n ní ti Japan ni. Mo gbé e ka gáàsì kí n lè se tíì nínú ẹ̀ tààrà, nǹkan dídán tó wà nínú ẹ̀ ti ń ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ báyìí. Ṣé mo ṣì lè máa lò ó? — Ọmù-Àrán*

Ẹ pẹ̀lẹ́, owó ẹ̀ kì í kéré. Ìkòkò onírin méjì ló wà tó jọra lójú. Èyí tí wọ́n ń pè ní tetsubin, irin lásán ni inú ẹ̀, kẹ́tù ni, òun ni wọ́n fi ń se omi lórí iná. Èyí tí inú ẹ̀ ń dán, wọ́n ti fi ẹnámẹ́ẹ̀lì kùn ún, ìkòkò tí wọ́n kàn ń rẹ ewé sí ni, iná ò gbọdọ̀ kàn án. Tiyín ti ń ṣí, ẹ má fi ṣe tíì mọ́, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ yẹn á máa já sínú ife. Alámọ̀ náà, kò gbọdọ̀ gun orí gáàsì o, á sán ni.

*Àǹtí, ẹ kú ojúmọ́. Ládùúgbò wa, àwọn mallam máa ń se ṣáì lálaalẹ́, wọ́n á gbé ife kan sókè, wọ́n á máa da ṣáì láti òkè bọ́ sínú èkejì títí tó fi máa hó fùfù. Ṣé ewé kan náà ni tiwọn àti ti Japan? Kí ló wá dé tí àwọn kan ń se é jinná, tí ẹ̀yin ní kómi sinmi? — Ọ̀dọ́kùnrin kan, Sábó-Òkè*

Àbúrò, ewé kan náà ni. Tíì pupa o, gíríìn tíì o, igi kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Camellia sinensis ni gbogbo ẹ̀ ti wá, kódà ó ń hù ní Nàìjíríà níbí, lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba. Ohun tí wọ́n bá ṣe sí i lẹ́yìn tí wọ́n já a ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bẹ iṣu kan kó o gbé e sílẹ̀, ṣé ojú ẹ̀ ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú bó o bá ṣe ń wò ó? Nǹkan kan wà nínú iṣu tó jẹ́ pé tí afẹ́fẹ́ bá kàn án ló ń sọ ọ́ di dúdú, irú ẹ̀ náà wà nínú ewé tíì. Tí wọ́n bá fi ewé sílẹ̀ kó dúdú dáadáa kí wọ́n tó gbẹ ẹ́, tíì pupa nìyẹn. Tí wọ́n bá yára fi ooru pa nǹkan yẹn, ewé á dúró ní tútù. Àwọn ará Ṣáínà sábà máa ń yan án nínú agbada gbígbóná, àwọn ará Japan máa ń fi oru omi híhó bù ú, kì í ju bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan sí ìṣẹ́jú méjì lọ, kí wọ́n tó máa lọ́ ọ tí wọ́n á sì máa gbẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ti Japan fi máa ń rùn bí ewé tútù, tí omi híhó sì máa ń tètè bà á jẹ́.

Àwọn ará Mòrókò àtàwọn ará aṣálẹ̀, gíríìn tíì Ṣáínà tí wọ́n ká róbótó bí ẹ̀tù ìbọn ni wọ́n ń lò, súgà ń bẹ ńbẹ̀, ewé míǹtì ń bẹ ńbẹ̀. Ìkorò ewé yẹn ń bá súgà jà nínú ife, bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Mallam tiyín náà, mílíìkì àti súgà ló ń bá tíì ẹ̀ pàdé, tí tíì yẹn ò bá ki, mílíìkì á bò ó mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tọ̀ ni, mo sì fẹ́ràn láti máa wò ó. Èyí tó wá wú mi lórí jù ni orúkọ ẹ̀. Ẹnu àwọn ará etíkun Fujian ní Ṣáínà ni “te” ti wá, ó gba orí omi pẹ̀lú ọkọ̀ àwọn ará Netherlands dé Yúróòpù, ibẹ̀ la ti rí tíì. “Cha” ni ti àwọn Ṣáínà yòókù, ó gba orí ilẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Páṣíà àti Lárúbáwá kọjá kó tó di shayi lẹ́nu Hausa. Àwọn ará Japan náà, “cha” ni wọ́n ń pè é. Mallam yín àti Japan ló jọ ń pè é bákan náà.

Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà ẹ, o tún béèrè bí ọ̀rọ̀ tíì ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Japan. Àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà kan tó ń jẹ́ Eisai ló gbé kóró tíì ti Ṣáínà bọ̀ ní 1191, àmọ́ nígbà yẹn lílọ̀ ni wọ́n ń lọ̀ ọ́ lúbúlúbú. Rírẹ ewé sínú ìkòkò, ẹ̀yìn tí àlùfáà Ṣáínà kan, Ingen, dé Japan ní 1654 ló tó ń tàn kálẹ̀. Ní 1738, àgbẹ̀ tíì kan tó ń jẹ́ Nagatani Soen, lágbègbè Uji, ló wá gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n ń gbà fi oru bu ewé kí wọ́n tó máa fọwọ́ lọ́ ọ bó ṣe ń gbẹ, sencha tá à ń mu lónìí nìyẹn. Àlùfáà àgbàlagbà kan wà láyé ìgbà yẹn ní Kyoto, Baisao ni wọ́n ń pè é, orúkọ yẹn ò ju “bàbá alátíì” lọ, ó máa ń ru ohun èlò ẹ̀ kiri ìgboro, á tẹ́ ẹ síbi tí igi bá ti ṣíji bolẹ̀, á máa ta tíì fún ẹni tó ń kọjá, kò sì dá iye kan lé e. 1763 ló kú.

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìyá-ìyá mi mọ ìkòkò ní Dada l'Òkè-Lélé kí àgbà tó dé. Mo fi fọ́tò kyusu hàn wọ́n lórí fóònù, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní kò le, àwọn lè mọ ọ́n. Ṣé ká gbìyànjú ẹ̀, àbí amọ̀ tiwa ò lè ṣe é? — Ọmọ amọ̀kòkò, Ìlọrin*

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà ẹ. Bá mi kí Màmá, sọ fún wọn pé mo gbà wọ́n gbọ́. Mo ti lọ jókòó ní Dada rí, mo rí ìyá kan tó ń fi ẹyọ àkísà tútù dán ẹnu àmù, ó tẹ̀ ba, ó ń yí i po wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀, nígbà tó fi máa nàró, ẹnu àmù yẹn ti rí róbótó bí òṣùpá àrànmọ́jú. Ẹni tó bá lè ṣe ìyẹn, kí ló kù tí ò lè mọ?

Ìlú kan wà ní Japan tí wọ́n ń pè ní Tokoname, ó wà lágbègbè Aichi, kò jìnnà sí Nagoya níbi tí àbúrò mi kan ti kàwé, òun ló ra tèmi bọ̀. Ó wà lára ìlú mẹ́fà tí àwọn ará Japan kà sí ẹbu àtayébáyé wọn. Amọ̀ pupa wọn kún fún irin bíi ti ilẹ̀ pupa tiwa níbí. Ṣùgbọ́n mímọ ìkòkò tíì wọn, wọ́n kọ́ ọ ni o: ní 1878 wọ́n pe ọ̀gá kan láti Ṣáínà wá kọ́ wọn ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mọ ìkòkò tíì amọ̀ pupa ní Yixing. Wọ́n jókòó kọ́ ọ, wọ́n wá fi tiwọn kún un. Bẹ́ẹ̀ ìlú tó ti ń mọ ìkòkò fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni.

Ibi tí wàhálà wà ni iná. Àmù tí Màmá ń mọ, ìta gbangba ni wọ́n ti ń sun ún, igi àti koríko ni wọ́n ń tò lé e lórí, iná yẹn á mú amọ̀ le, àmọ́ ihò wínníwínní ṣì wà lára ẹ̀. Ohun tó dáa fún àmù nìyẹn, torí ó ń làágùn ni omi inú ẹ̀ fi ń tutù. Ìkòkò tíì ò gbọdọ̀ làágùn. Tokoname, inú ààrò tó ní ògiri ni wọ́n ti ń sun tiwọn, ooru ẹ̀ máa ń tó 1,100 lórí Celsius, amọ̀ á sún mọ́ra, omi ò ní rí ibi gbà. Torí náà kí Màmá mọ ọ́n, kẹ́ ẹ wá wá ẹni tó ní ààrò oníná gíga. Ẹ má kọ́kọ́ gbé odindi ìkòkò síbẹ̀ o, ẹ fi amọ̀ yẹn ṣe pàlàbà kéékèèké bíi márùn-ún, ẹ sun ìyẹn wò, torí amọ̀ mìíì wà tí irú ooru yẹn á yọ́ tàbí kó wọ́. Ẹ má sì fi omi èèpo igbá tí wọ́n máa ń wọ́n ìkòkò kùn ún, ó ń mú àmù dán lóòótọ́, àmọ́ á bọ́ sínú tíì.

Tó bá kan mímọ ọ́n, ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ mọ ara ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹnu, ọ̀tọ̀ ni ọwọ́, ọ̀tọ̀ ni ìdérí, kẹ́ ẹ wá lẹ̀ wọ́n pọ̀ nígbà tí amọ̀ bá ti le díẹ̀ bí awọ. Kẹ́ ẹ tó lẹ ẹnu mọ́ ọn, ẹ fi ọwọ̀n ìgbálẹ̀ dá ihò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí ara ìkòkò níbẹ̀, òun ló máa di asẹ́. Nípa ti ìdérí, ohun tí wọ́n ń ṣe ní Tokoname ni pé tí wọ́n bá sun ún tán, wọ́n á fi iyẹ̀pẹ̀ líle àti omi sí ẹnu ẹ̀, wọ́n á máa yí ìdérí lórí ẹ̀, á máa ha ara wọn títí wọ́n á fi bá ara wọn mu. Tèmi, tí mo bá fi ìka dí ihò orí ìdérí nígbà tí mo ń da tíì, dídà yẹn á dúró sójú kan. Ìdérí ẹ̀ bá a mu dé ibẹ̀ yẹn.

Kó o sì sọ fún Màmá pé Japan àti amọ̀ tiwa ti pàdé rí. Ladi Kwali tó wà lẹ́yìn náírà 20, ọmọ Gwari tó kọ́ ìkòkò mímọ lọ́wọ́ àǹtí ẹ̀ nílé, ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Gẹ̀ẹ́sì kan, dá sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, tá a mọ̀ sí Sùléjà báyìí, ló lọ ní 1954. Cardew yẹn, ọwọ́ Bernard Leach ló ti kọ́ṣẹ́, Leach sì rèé, Japan ló ti kọ́ tiẹ̀. Ìkòkò omi tí Ladi ti ń mọ láti ilé náà ló mọ níbẹ̀, ọwọ́ ló fi ń mọ ọ́n, iná ààrò tó gbóná ló kàn kún un. Tẹ́ ẹ bá mọ ti Màmá tán, mo bẹ̀ yín, ẹ fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kó tó wọná, kẹ́ ẹ tún fi òmíì ránṣẹ́ tó bá jáde.

*Ṣé aláboyún lè mu ún? Ṣé a sì lè mu ún nígbà ààwẹ̀? — Àwọn mẹ́ta ló béèrè èyí*

Kaféènì wà nínú ẹ̀. Nínú sencha tí wọ́n ṣe bó ṣe yẹ, ó máa ń tó bíi mílígíráàmù 20 nínú mílílítà 100, kọfí máa ń tó 60. Aláboyún, ẹ bi nọ́ọ̀sì yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì mu ún mọ́ oúnjẹ tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀, torí tíì kì í jẹ́ kí ara gba irin inú oúnjẹ dáadáa, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan sí méjì láàárín wọn. Àwọn tíì tí wọ́n ń tà fún ìkún nínú ọjà wa, tí wọ́n kọ gíríìn tíì sí lára, ẹ ka ẹ̀yìn páálí ẹ̀ dáadáa, tẹ́ ẹ bá rí senna níbẹ̀, oògùn tó ń múni yàgbẹ́ ni, kì í ṣe ohun tá à ń sọ yìí.

Ti ààwẹ̀, ẹ má mu ún lẹ́yìn àṣámù tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé oorun yín fúyẹ́, ẹ fẹ́ jí fún sààrì. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé lẹ́yìn ìrun àsárì, màá bu ewé bíi gíráàmù 10 sínú lítà omi tútù kan, màá gbé e sínú fìríìjì, kò sí iná kankan. Omi tútù ò lè fa ìkorò àti kaféènì jáde bíi ti omi gbígbóná, adùn ló máa ń rọra jáde jù. Ó tó wákàtí mẹ́ta kó tó dáa. Tá a bá fi dàbínù àti omi ṣínu tán tá a kírun, òun ni màá sẹ́ sínú ife, àwọ̀ ẹ̀ á dà bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ.

*Ewé tèmi ti pàdánù òórùn ẹ̀, kò tíì ju oṣù méjì lọ. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná ni mo ń kó o sí. — Òró*

Ibẹ̀ náà ló bà á jẹ́. Afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀, ooru àti ọ̀rinrin, kò fẹ́ ọ̀kankan nínú wọn, ó sì máa ń yára fa òórùn nǹkan mìíì mọ́ra, kọ́bọ́ọ̀dù tí irú àti ẹja gbígbẹ bá wà á ti kó gbogbo ẹ̀ sínú. Ẹ wá agolo tó dé pinpin, ẹ gbé e sí yàrá, síbi tó ṣókùnkùn tí ò gbóná. Èyí tẹ́ ẹ ò tíì ṣí lè wà nínú fìríìjì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e jáde, ẹ jẹ́ kó kúrò ní tútù pátápátá kẹ́ ẹ tó já ọ̀rá ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á sẹ̀ sára ewé. Èyí tó ti pàdánù òórùn yẹn, ẹ má dà á nù. Ẹ dà á sínú páànù gbígbẹ tí ò ní òróró, ẹ fi iná kékeré yan án, ẹ máa mì í bí ẹni ń yan ẹ̀pà, títí tó fi máa pọ́n tí gbogbo ilé á máa ta sánsán. Hojicha ni wọ́n ń pè é tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, òun lẹ lè da omi híhó lé lórí láì bẹ̀rù, kì í korò.